Ta Ló Yẹ Kó Wà Níbẹ̀ Tí Wọ́n Bá Ń Bẹ Ilé-Ìwé Wò?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan l'Ókè-Ògùn báyìí, ló fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwọn fẹ́ tún ètò àbẹ̀wò ilé-ìwé ṣe lágbègbè àwọn, ẹnì kan sì dá a lábàá níbi ìpàdé pé kí wọ́n máa mú òbí kan tàbí méjì dání tí wọ́n bá ń lọ. Ó ní ariwo sọ. Àwọn kan ní, "Kí ni àgbẹ̀ mọ̀ nípa iṣẹ́ tíṣà?" Àwọn mìíràn ní, "Ta ló bí àwọn ọmọ náà?" Òun wá bi mí pé, "Prof, kí ni ìtàn wí sí i?"

Ìtàn kì í dájọ́, ẹ̀rí ni í jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó pe ìtàn jáde, ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi kọ́kọ́ jẹ́rìí, nítorí ọ̀ràn yìí kàn mí. Mo ti ṣe ohun kan lọ́jọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ wá, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ yín.

Ọmọ tí wọ́n yá

Ọdún 1956 ni mo wọ ilé-ìwé, ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, hẹdimásítà wa pe àwa mẹ́wàá jáde lọ́jọ́ kan. Ó ní kí a fọ yunifọ́ọ̀mù wa, kí a sì tètè dé lọ́la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tíṣà kan kó wa gba ọ̀nà oko lọ sí abúlé kejì, ìrìn bíi máìlì mẹ́ta. Ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ níbẹ̀. Ilé-ìwé abúlé náà kò ní ọmọ tó, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé tí ọmọ kò bá pé, wọn yóò mú tíṣà wọn lọ síbòmíràn. Ni wọ́n bá yá wa, bí èèyàn ṣe ń yá àga tí ó bá fẹ́ ṣe ìnáwó.

Wọ́n fún olúkúlùkù wa ní orúkọ kan. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti pe orúkọ yẹn nínú rẹ́jísítà, kí a dáhùn, kí a má wo ojú ara wa. Ìnsípẹ́kítọ̀ dé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó wọ ṣòkòtò kákí, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Ó pe orúkọ, mo dáhùn. Ó ní kí n kàwé, mo kà á geerege. Ó yìn mí, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti ẹyin kọ̀ọ̀kan. Inú wa dùn.

Bí a ti ń padà bọ̀, a rí ọmọkùnrin kan tó ń lé ẹyẹ lóko ọkà bàbà. Tíṣà tó kó wa lọ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ní, "Wò ó, orúkọ ẹni yẹn lo jẹ́ láàárọ̀." Ọmọ náà dúró, ó ń wò wá. Lójú ìwé ìjọba, ó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀wé kà dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé mọ̀. Baálẹ̀ mọ̀, àní ilé rẹ̀ ni wọ́n ti se ìrẹsì náà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé tí a bá ṣáà ti mú ará ìlú dání, òtítọ́ yóò jáde, ẹ ní kó rọra. Ará ìlú náà lè parọ́. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ohun tó mú un parọ́.

Owó ni alábẹ̀wò kọ́kọ́ bá wá

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1839 ni ìjọba kọ́kọ́ yan àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé. Ìjọba ti ń fún àwọn ilé-ìwé ìjọ lówó, ó sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ìjọ Áńgílíkà kọ̀ jálẹ̀ pé àjèjì kankan kò ní wá máa wo inú ilé àwọn. Nígbà tó di 1840, wọ́n ṣe àdéhùn pé ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà bá fọwọ́ sí nìkan ni ìjọba yóò máa rán lọ sí ilé-ìwé ìjọ náà. Ẹ rí i pé ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó iṣẹ́ àbẹ̀wò fúnra rẹ̀.

Ní 1862 wọ́n gbé òfin tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dé. Iye ọmọ tó ń wá déédéé, àti iye tó bá yege níwájú alábẹ̀wò nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò, ni wọn yóò fi mọ iye owó tí ilé-ìwé yóò gbà. Matthew Arnold, akéwì tó ṣe iṣẹ́ alábẹ̀wò láti 1851 títí di 1886, bá òfin yìí jà fún ọdún púpọ̀. Ó rí i pé kíkọ́ni ti di iṣẹ́ ẹ̀rọ: àwọn tíṣà ń gbá ìwé kan ṣoṣo sí ọmọ lórí nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tó mọ ojú ìwé náà lórí lè di ìwé mú lódìkejì kó sì máa kà á lọ.

Ìwà yìí ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ní 1882, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi Àlùfáà Metcalfe Sunter, tó ti jẹ́ ọ̀gá Fourah Bay College, ṣe alábẹ̀wò. Ẹnì kan ṣoṣo o! Ilé-ìwé Freetown, ilé-ìwé Accra, ilé-ìwé Èkó, òun náà ni. Lẹ́nu ẹni yìí ni owó ìrànwọ́ ilé-ìwé wà. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mọ bí tíṣà ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí òun kò sí níbẹ̀? Ọjọ́ tó bá wá ni ilé-ìwé wà fún.

Wọ́n ya Èkó kúrò lára Gold Coast ní 1886, Èkó sì ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1887. Ní 1889 ni wọ́n wá fi Henry Carr ṣe igbákejì alábẹ̀wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ yàrá ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn rí, ẹ ti lè fọwọ́ kan ìwé rẹ̀ láìmọ̀, nítorí àwọn ìwé tó kó jọ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yàrá náà. Carr jẹ́ ọmọ Sàró, ó ti ṣiṣẹ́ tíṣà ní CMS Grammar School kó tó di alábẹ̀wò. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ ìlú. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Èkó ń bẹ̀rù pé ilé-ìwé yóò sọ ọmọ wọn di Kìrìsìtẹ́nì, ó wà lára àwọn tó bá wọn sọ̀rọ̀ títí ìjọba fi dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní 1896. Ẹ̀kọ́ kìíní tí ìtàn kọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ èdè ilé lè gbọ́ ìbẹ̀rù ilé. Sunter lè gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ohun tó mú bàbá ọmọ mú un sílé.

Ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ ní 1916

Lábẹ́ Lugard, ní 1916, ìjọba ṣe òfin tuntun lórí owó ìrànwọ́. Wọ́n pín máàkì ọgọ́rùn-ún báyìí: 30 fún ìwà, ìbáwí, ètò àti ẹ̀kọ́ ìwà rere ní ilé-ìwé, 20 fún bí àwọn tíṣà ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe mọṣẹ́ tó, 40 fún ìdánwò ìgbà dé ìgbà àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ, 10 fún ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Ìtẹ̀síwájú gidi ni. Ìdánwò ọjọ́ kan kò tún dá owó ilé-ìwé mọ́, alábẹ̀wò sì ní láti wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín ọdún.

Ṣùgbọ́n ẹ ka máàkì náà padà. Nínú ọgọ́rùn-ún, èwo ni ti òbí? Èwo ni wọ́n ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìlú?

Ní October ọdún 1916 yẹn kan náà, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde. Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn mọ ìtàn náà láti ẹnu àwọn àgbà yín. Ẹ̀mí ṣòfò, ọba pàápàá bá a lọ, ìjọba sì kó sójà wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu mi sọ ohun tí mi ò sọ. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba lé àwọn èèyàn lórí ni, ilé-ẹjọ́ tuntun àti àṣẹ tó ń ti Ọ̀yọ́ wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo ohun méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí irú ìjọba tó wà nígbà náà. Ó lè pín ilé-ìwé sí máàkì ọgọ́rùn-ún, kó sì má mọ̀ pé inú ìlú ń ru. Ìròyìn ń gòkè lọ bá ọ̀gá, kò sí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá ará ìlú.

Mánéjà àti sùpáfáísọ̀

Lẹ́yìn 1916, ohùn yí padà díẹ̀. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes wá láti Amẹ́ríkà ní 1920, wọ́n sì wí pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ Áfíríkà kò bá ìgbé ayé rẹ̀ mu. Ní 1925 ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé ìlànà jáde tó tẹnu mọ́ àbẹ̀wò tó jinlẹ̀, òfin 1926 níbí sì la iṣẹ́ sùpáfáísọ̀ àwọn míṣọ̀n sílẹ̀. Irú èyí ni àwọn ìran mi mọ̀ jù. Pásítọ̀ tàbí fadá ni mánéjà ilé-ìwé. Sùpáfáísọ̀ ìjọ a máa gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé. Ó mọ tíṣà kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ń mutí nínú wọn àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní ilẹ̀ bíi tiwa, tí ọ̀nà jìn, tí odò máa ń kún tí ọkọ̀ kò fi ní lè kọjá, kò sí ìnsípẹ́kítọ̀ ìjọba tó lè mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kù sí ni pé ìjọ ló gba tíṣà síṣẹ́, ìjọ ló ń san owó rẹ̀, ìjọ náà ló tún ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹni tó ni iṣu bá tún di òṣùwọ̀n mú, ẹni tó ń ra iṣu á máa fura. Ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí tí Mùsùlùmí pọ̀, tíṣà tó ń mú ọmọ Alfa lọ sí ìsìn òwúrọ̀ kò ní gba ìbáwí lọ́dọ̀ sùpáfáísọ̀, oríyìn ni yóò gbà. Ìdí kan nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ bíi Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Ọjọ́ 17 oṣù January, 1955, ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú Awókọ̀yà tó jẹ́ mínísítà tó gbé ètò náà kalẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, iye ọmọ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bíi 457,000 dé 811,432. Ẹ fi ojú inú wo iye tíṣà tí kò kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ní láti kó wọlé. Ilé-ìwé di púpọ̀, alábẹ̀wò kò di púpọ̀ bákan náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Banjo yẹ ètò náà wò láti 1960, ọ̀rọ̀ tíṣà tí kò kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ké lé lórí. Inú àkókò yìí ni wọ́n yá èmi bí àga.

Nígbà tí ìjọba gba gbogbo rẹ̀

Apá yìí ni mo fẹ́ yára kọjá, nítorí pé ẹ̀yin náà ti rí i. Ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka alábẹ̀wò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1973. Láàárín àwọn ọdún 1970 wọ́n gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, òfin lórí ìwọ̀n tí ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù dé ní 1985, òfin UBE sì tẹ̀lé e ní 2004. Láti sáà yìí wá, wọ́n tún yí orúkọ iṣẹ́ náà padà, wọ́n ní kì í ṣe àbẹ̀wò mọ́, ìdánilójú ìjójúlówó ni. Orúkọ yí padà, ọkọ̀ tí wọn yóò gbé lọ kò yí padà, ibòmíràn kò tilẹ̀ sí ọkọ̀.

Gbígba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ ní àǹfààní, ó dín ẹ̀tanú ẹ̀sìn kù. Ṣùgbọ́n ó mú nǹkan kan lọ. Ìlú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri ilé-ìwé, tí àwọn obìnrin ru omi, tí àwọn ọkùnrin gé koríko bo òrùlé, wá di àlejò níbẹ̀. Tí òrùlé bá ṣí báyìí, wọn yóò ní, "Ilé-ìwé ìjọba ni." Tí tíṣà kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn yóò ní, "Òṣìṣẹ́ ìjọba ni."

Ìjọba rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní SBMC fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní 2005. Lórí ìwé, ó dára gan-an: aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, ẹlẹ́sìn, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, PTA, títí kan àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn. Ẹ bi ara yín léèrè ṣá, nínú ilé-ìwé abúlé yín, ta ni ọmọ ìgbìmọ̀ yìí? Ìgbà wo ni wọ́n jókòó kẹ́yìn? Ṣé wọ́n pè wọ́n lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò dé, àbí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba owó?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbìyànjú. Òfin ọdún 1992 tó gbé Ofsted dìde ní kí ẹnì kan tí kò ṣiṣẹ́ ilé-ìwé rí wà nínú gbogbo ikọ̀ alábẹ̀wò. Ó tún ní kí wọ́n bá àwọn òbí ṣèpàdé kí àbẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, kí àkékúrú ìròyìn náà sì dé ọwọ́ òbí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n fòpin sí ipò ẹni tí kì í ṣe tíṣà náà. Ṣùgbọ́n ìròyìn ṣì ń dé ọwọ́ òbí di òní. Mo rò pé ẹ̀yìn yìí ló yẹ kí a wò. Ìjókòó òbí nínú ọkọ̀ alábẹ̀wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá ohun tí alábẹ̀wò kọ dé etí rẹ̀.

Bí Ìsẹ́yìn ṣe ń bẹ iṣẹ́ wò

Kò yẹ kí a máa sáré lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ wà nílé. Ẹ wọ agbo àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ-iṣẹ́ kan ti kọ́ òfì híhun fún ọdún díẹ̀, ó fẹ́ gba òmìnira. Ta ló ń sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n? Ọ̀gá rẹ̀ ni àkọ́kọ́, nítorí òun ló mọ ibi tí ọmọ náà ti kúnà rí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan kọ́. Àwọn ọ̀gá mìíràn yóò wá jókòó síbi òmìnira náà, àwọn tí kì í ṣe ilé wọn ni ọmọ náà ti jẹun. Ẹ̀yìn wọn ni ẹni tó ń raṣọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n yóò fa aṣọ náà wò, yóò gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, yóò wo etí rẹ̀ bóyá ó gún. Òun ni yóò wọ̀ ọ́.

Ilé-kéwú náà kò yàtọ̀. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, ọmọ yóò ké Kùránì ní gbangba. Alfa rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn Alfa láti ibòmíràn wà níbẹ̀, bàbá àti ìyá rẹ̀ náà jókòó. Ìyá rẹ̀ lè má mọ ìtumọ̀ ohun tó ń ké, ṣùgbọ́n ó mọ̀ bí ohùn ọmọ òun bá já láàárín.

Nítorí náà, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni àṣà wa mọ̀: ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ara ilé, àti ẹni tí yóò lo iṣẹ́. Ẹ gbé èyí síwájú ìtàn tí mo sọ lókè. Sunter mọ iṣẹ́, kò mọ ilé. Sùpáfáísọ̀ mọ iṣẹ́, ó sì mọ ilé jù. Ẹni tí yóò lo iṣẹ́ kò tíì sí nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Èrò tèmi

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tẹnu mi, kí akẹ́kọ̀ọ́ mi lè rí nǹkan gbé lọ sípàdé.

Alábẹ̀wò tó kọ́ṣẹ́ tíṣà ni kó ṣáájú, òun nìkan sì ni kó fi máàkì sí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Mi ò fẹ́ kí bàbá tó ń bínú sí tíṣà nítorí pé ó na ọmọ rẹ̀ wá máa sọ bóyá tíṣà mọ ìṣirò í kọ́. Kí wọ́n mú tíṣà àgbà kan láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn kún un. Mẹ́wàá ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà l'Ókè-Ògùn. Tíṣà Ìgbòho lè lọ sí Òtu, ti Òkèhò lè lọ sí Kìṣí. Kí èèyàn méjì láti inú ìlú wà níbẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ìlú yàn wọ́n ní gbangba. Kí wọ́n má jẹ́ àwọn olóyè PTA tó ń bá hẹdimásítà gba owó, kí wọ́n má sì jẹ́ aṣojú olóṣèlú. Níbi tí gáà Fúlàní bá wà nítòsí, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn náà. Láti 1989 ni ìjọba ti ní àjọ fún ẹ̀kọ́ àwọn darandaran, síbẹ̀ ẹ bi alábẹ̀wò léèrè ìgbà tó dé gáà kẹ́yìn.

Iṣẹ́ àwọn ará ìlú yìí kì í ṣe máàkì, ẹ̀rí ni. Ṣé tíṣà ń wá lọ́jọ́ Friday? Omi ńkọ́? Ṣé ilé ìyàgbẹ́ wà tí ọmọbìnrin lè lò? Ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà yìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ìyá alákàrà lè dáhùn gbogbo ìbéèrè yìí láìmọ A yàtọ̀ sí B.

Àwọn kan yóò ní ìlú yóò fi ọ̀nà yìí gbẹ̀san. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n jẹ́ méjì, kí tíṣà àlejò sì wà láàárín. Àwọn mìíràn yóò ní ìlú yóò bá hẹdimásítà parọ́, wọn yóò sì fi ìtàn mi jẹ́rìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó mú baálẹ̀ se ìrẹsì: ó mọ̀ pé tí òun bá sọ òtítọ́, wọn yóò mú tíṣà lọ. Láti ayé òfin 1862, níbikíbi tí àbẹ̀wò bá ti jẹ́ ọ̀nà láti gba nǹkan lọ́wọ́ ilé-ìwé tó kù díẹ̀ káàtó, àwọn èèyàn máa ń yá ọmọ. Tí alábẹ̀wò bá bá ọmọ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó béèrè ohun tó dá àwọn yòókù dúró sóko, kí ìrànwọ́ sì tẹ̀lé e. Nígbà náà ni baálẹ̀ yóò sọ òtítọ́, nítorí òtítọ́ yóò ti lérè.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Kí wọ́n ka ìròyìn àbẹ̀wò náà sétí ìlú, lédè Yorùbá, ní ọgbà ilé-ìwé, kó tó pé oṣù kan. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn nítòsí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn tó sọ èdè yìí di ohun kíkọ. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò kẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó wà nínú ìròyìn alábẹ̀wò tí Yorùbá kò lè sọ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí rèé. Ní bíi 1994, iṣẹ́ ìwádìí gbé mi dé Ìsẹ́yìn. Níbi tí mo ti ń bá àwọn ahunṣọ sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan béèrè abúlé tí mo ti lọ sílé-ìwé. Mo sọ fún un. Ó sọ orúkọ tirẹ̀. Orúkọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ ìnsípẹ́kítọ̀ ni. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ti sọ fún òun tipẹ́ pé òun wà ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn tí òun sì kàwé dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín gan-an. Èmi ò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Ó wá wọlé, ó mú ìwé kan jáde, ó ní kí n bá òun wò ó. Ìwé èsì ìdánwò ọmọbìnrin rẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tíṣà ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kì í wá déédéé. Ọkùnrin náà dákẹ́. Ó ní, "Kì í wá déédéé? Ẹ̀mi ni mo máa ń rán an lọ gba òwú. Ká ní mo mọ̀ ni."

Ká ní mo mọ̀ ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ gbé lọ sípàdé yín. Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ bí ó ṣe rí lágbègbè tiyín.